Ọmọ Ajá Ńlá Nínú Ilé Mùsùlùmí

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń ṣí kúrò ní Èkó wá kọ́lé sí Mowe, Ibafo àti Ifo, ọ̀rọ̀ ajá ti di ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya ń jọ sọ. Ilé kan wà níhìn-ín, igbó wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé kejì wà lọ́hùn-ún. Òpópónà ṣókùnkùn. Bàbá ilé ti wọkọ̀ lọ sí Èkó kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, àsìkò ìrun Ìṣáì sì lè bá a lójú ọ̀nà ní Berger. Ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀ yóò wá ohun tí yóò bá a ṣọ́lé. Ajá Bíńgò tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn mọ́. Boerboel tó wá láti South Africa, Caucasian tó wá láti àwọn òkè tútù ìhà Rọ́ṣíà àti Georgia, Mastiff àti Great Dane ni wọ́n ń béèrè.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń gbé e wálé. Ara rẹ̀ rọ̀, àwọn ọmọdé ń jà dù ú. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún méjì, ẹranko tí ẹ gbé sínú páálí wálé lè ti wọn 60 sí 80 kílò, ìyẹn ni pé ó lè tẹ̀wọ̀n ju ìyá ilé lọ. Ohun tí ẹ bá ṣe sí i láàárín ìgbà náà ni yóò sọ bóyá ẹ̀ṣọ́ lẹ ní àbí wàhálà.

Ọ̀pọ̀ nínú wàhálà náà nílé àwa Mùsùlùmí kì í ṣe ọwọ́ ajá ló ti wá. Ìbẹ̀rù nájísì ló ń fà á. Wọ́n á ra ọmọ ajá, wọ́n á fi ṣéènì so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé, wọ́n á máa ju oúnjẹ sí i láti òkèèrè, kò ní sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án nítorí àlùwàlá. Lẹ́yìn ọdún kan, ajá tí kò mọ ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ní nílẹ̀. Dókítà ẹran kò lè sún mọ́ ọn láti gún un lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tí ṣéènì bá já, ọmọ onílé ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, kì í ṣe olè.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nílẹ̀. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà nínú Bukhari àti Muslim pé ẹni tó bá sin ajá láìnídìí, ẹ̀san iṣẹ́ rere rẹ̀ yóò máa dínkù lójoojúmọ́, àyàfi ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti ajá oko. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ka ajá tó ń ṣọ́lé mọ́ àwọn wọ̀nyí, torí pé ìdí kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tí olè ń dà láàmú lè sin ajá. Ẹni tó kàn fẹ́ máa fi Great Dane ṣe fàájì ní pálọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Ibi tí ajá yóò máa gbé kò fara sin. Hádíìsì sọ fún wa pé àwọn màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Nínú Súrátùl Kahfi, ẹsẹ 18, Ọlọ́hun sì ròyìn ajá àwọn ará inú ihò àpáta: ẹnu ọ̀nà ló na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sí. Ẹ kọ́ ilé rẹ̀ sí ìtòsí géètì, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kó má wọ pálọ̀, kó má dé ibi tí ẹ ń tẹ́ ẹní ìrun sí.

Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Tí ajá bá ti ẹnu bọ abọ́ wa, ìgbà méje la ó fọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀. Mazihabu Málíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, kò ka ara ajá tó wà láàyè sí nájísì. Wọ́n ní a ń fọ abọ́ náà nítorí pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ. Àwọn Hanafi ní itọ́ rẹ̀ ni nájísì. Àwọn Ṣáfíì àti Hanbali ka gbogbo ara rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó sọ pé fífọwọ́ kan ajá ń ba àlùwàlá jẹ́. Tí itọ́ rẹ̀ bá kan ọwọ́ tàbí aṣọ yín, ẹ fọ ibẹ̀ kí ẹ tó kírun. Ẹni tó ń tẹ̀ lé èyí tó le jù, kó fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ànábì kan náà ló ròyìn ẹni tí Ọlọ́hun dárí jì nítorí pé ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi. Ọ̀rọ̀ owó rírà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti béèrè lọ́wọ́ àfáà yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀, torí hádíìsì kan wà tó kọ owó ajá, àwọn onímọ̀ sì yapa lórí ajá tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ohun tó mú un rọrùn ni kí ẹ ya aṣọ kan sọ́tọ̀, jalabíà àtijọ́ tó ti ṣá, kí ẹ gbé e kọ́ sẹ́yìn ilé. Òun lẹ ó máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ajá. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ síbẹ̀. Kí ajá ní abọ́ tirẹ̀, kí abọ́ náà má sì wọ kíṣìnì láéláé. Bútà àlùwàlá kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé.

Àsìkò tí kì í padà wá

Àwọn tó ń ṣèwádìí ìwà ajá ti rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tí wọ́n bí i ni ọmọ ajá máa ń kọ́ ohun tí kò yẹ kó bà á lẹ́rù. Ohun tó bá mọ̀ ní ìrọ̀rùn láàárín ìgbà yẹn, yóò gbà á láyè títí. Ohun tí kò bá rí rárá lè di ọ̀tá rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ gbé wálé, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù fún yín, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń so ó mọ́lẹ̀.

Kí ó rí obìnrin tó wọ jilibáàbù, kó rí ọkùnrin tó wọ agbádá, kó rí arúgbó tó ń tẹ̀pá. Ajá tí kò rí jilibáàbù rí ní kékeré lè ka gbogbo àwọn arábìnrin tó bá wá ṣe àsàlátù nílé yín sí àjèjì tó yẹ kó lé. Kó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ tí ládàánì fi ń pèrun. Kó rí ọmọdé tó ń sáré, tó ń ké. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ àti eyín rẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè gbà fún dókítà lọ́la. Tó bá ń jẹun, ẹ máa sún mọ́ ọn kí ẹ ju ẹran díẹ̀ kún abọ́ rẹ̀, kó mọ̀ pé èèyàn tó sún mọ́ abọ́ òun kò wá gbà á. Torí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé nígbà yẹn, ẹ gbé e lọ́wọ́ tí ẹ bá ń mú un jáde, ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ajá mìíràn ń yàgbẹ́ sí.

Èyí tó tún yẹ kí ẹ kọ̀ láti kékeré ni fífò mọ́ èèyàn. Nígbà tó bá wọn kílò mẹ́jọ, ẹ̀rín lẹ ó máa rín. Nígbà tó bá di 70 kílò, ìyá àgbà ni yóò gbé ṣubú. Tó bá fò, ẹ yí ẹ̀yìn sí i. Tó bá jókòó, ẹ bá a ṣeré. Lílù kì í kọ́ ajá ńlá lẹ́kọ̀ọ́. Ìbẹ̀rù ló ń kọ́ ọ, ajá tó ń bẹ̀rù ló sì ń ṣáni jẹ jù.

Egungun ni kí ẹ ṣọ́, kì í ṣe ìtóbi

Àwọn tó ni ajá ńlá fẹ́ràn láti máa fi yangàn pé ti àwọn ti tó báyìí ní oṣù mẹ́rin. Ìyangàn náà léwu. Egungun ajá kékeré máa ń gbó kó tó pé ọdún kan. Ti ajá ńlá lè gba ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìpẹ̀kun egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Tí ara bá wúwo ju ohun tí egungun lè gbé lọ, oríkèé yóò bàjẹ́, ìgbáròkó kò ní jókòó dáadáa, ajá yóò sì máa tiro kó tó dàgbà.

Ní 1974, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Great Dane. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan jẹun bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì díwọ̀n oúnjẹ àwọn yòókù. Àwọn tó ń jẹ àjẹyó ni àìsàn egungun bá jà jù. Ní 1985, Hazewinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands gbé tiwọn jáde: wọ́n fi calcium kún oúnjẹ ọmọ Great Dane lọ́pọ̀lọpọ̀, egungun wọn kò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ajá tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà kò lè kọ calcium tó pọ̀ jù. Ikùn rẹ̀ á gba púpọ̀ nínú ohun tí ẹ bá fún un. Ẹ ó rí i nígbà náà pé egungun lílọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin adìyẹ, tàbí oògùn calcium tí aládùúgbò ní kí ẹ máa dà sí i, lè ṣe ọmọ ajá ńlá ní jàǹbá ju ebi lọ.

Oúnjẹ ajá inú àpò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ọmọ ajá ńlá ló wà fún ló dára jù, nítorí wọ́n ti díwọ̀n calcium rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Òmíràn ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú, ẹ kò sì ní fẹ́ máa fi ọwọ́ bù ú. Tí agbára kò bá ká a, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín ṣètò oúnjẹ ilé. Ẹ̀bà àti orí ẹja lásán kò lè tọ́ ẹranko tó fẹ́ di 70 kílò. Ẹ má fún un ní ìyókù ọbẹ̀ wa, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tí a sè máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun rẹ̀. Títí oṣù mẹ́rin, kó jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì. Tí ẹ bá fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ọwọ́ yín kan egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ kò bá kan án, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ajá tó lè jẹ kílò kan oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́ tó bá dàgbà, kó tètè sọ ọ́ kó tó rà á. Bíńgò tí a bọ́ yó, tó gba abẹ́rẹ́, á gbó mọ́ olè ju Boerboel tí ebi ń pa lọ.

Táìlì náà ń ba ìgbáròkó jẹ́. Ilé wa yìí, táìlì ti gba gbogbo fàráńdà. Ọmọ ajá ńlá tó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ń ṣe oríkèé rẹ̀ léṣe. Ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà sí i. Kó má máa gun àtẹ̀gùn, kó má fò látorí ọkọ̀. Ìrìn kúkúrú lẹ́yìn Súbúhì àti lẹ́yìn Màgáríbì ti tó o, àsìkò náà sì bá ooru ilẹ̀ wa mu, pàápàá fún Caucasian tí irun rẹ̀ jẹ́ ti òtútù. Kó ní ìbòòji àti omi ní gbogbo ìgbà. Tó bá ti jẹun tán, kó sinmi ó kéré tán wákàtí kan kó tó sáré. Ikùn ajá ńlá lè wú kó sì lọ́ pọ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, tí ikùn rẹ̀ le bí ìlù, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló lè kú.

Aràn àti abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin tó ní ọmọdé, ẹ fetí sí èyí. Láti inú ìyá wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ti máa ń gba aràn. Ẹyin aràn tí a ń pè ní Toxocara máa ń bá ìgbẹ́ ajá jáde, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ kó tó lè ran èèyàn. Ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ ajá kúrò nílẹ̀ lójoojúmọ́ ti gba ọmọ rẹ̀ là. Níbi tí a kò bá ti kó o, ọmọ tó fi yanrìn ṣeré tó sì fọwọ́ sẹ́nu lè gbé ẹyin náà mì, aràn á sì máa rìn kiri nínú ẹ̀dọ̀ tàbí kó wọ ojú. Oògùn aràn yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín léèrè iye tó ti lò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, a sì ń tún un gún lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ parvo, àìsàn tó ń mú kó máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti dìgbòlugi máa ń wá ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a sì ń tún un gún bí dókítà bá ṣe ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjẹsára tó ti gba ooru kò yàtọ̀ sí omi. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé ara ajá, iná mọ̀nàmọ́ná wa sì nìyí. Ẹni tó bá yọ ìgò àjẹsára jáde látinú àpò lórí ọ̀kadà láìsí áísì, ẹ má jẹ́ kó gún ajá yín. Ẹ béèrè fíríìjì rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì FUNAAB wà ní Alábàtà, Abẹ́òkúta, fún ẹni tó bá ń wá ibi tó dájú. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sì kọjá láàárín Ifo. Kí ẹ gba káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ àti irú abẹ́rẹ́ sí, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilé.

Dìgbòlugi ni ìdí tí a fi ń pariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dún ní gbogbo ayé. Ajá ló sì ń fà á fún àwọn tó tó 99 nínú 100. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ṣùgbọ́n láti 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin kan tí ajá bù jẹ ní Paris, ọ̀nà àbáyọ ti wà fún ẹni tó bá tètè lọ.

Nítorí náà, tí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, tàbí tó já a léékánná dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti yọ, àní kó jẹ́ ajá inú ilé yín gan-an, ẹ gbé ojú ọgbẹ́ náà sábẹ́ omi tó ń ṣàn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo aago. Tí kò bá sí ẹ̀rọ omi, kí ẹnì kan máa da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má fi epo pupa, ata, kẹrosíìnì tàbí irun ajá tí a sun sí i. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà pinnu abẹ́rẹ́ tó yẹ, ẹ sì parí gbogbo rẹ̀ bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Rúkíyà àti àdúà dára, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe é nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ. Ẹ má pa ajá náà ẹ sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá níbi tí kò ti lè jáde. Tó bá ní dìgbòlugi, yóò ti hàn lára rẹ̀ tàbí kó kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ọmọdé máa ń fi irú nǹkan báyìí pa mọ́ nítorí ìbẹ̀rù pàṣán, torí náà ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹnikẹ́ni kò ní na ẹni tí ajá bá bù jẹ.

Bí Iléyá ti ń bọ̀, ilé yóò kún. Àwọn àlejò tí ajá kò mọ̀ yóò wọlé, ọmọdé yóò máa sáré, òórùn ẹran yóò gba gbogbo àyíká. Ẹ tì í mọ́ ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀ kí ọ̀bẹ tó jáde, kí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa máa gbé omi fún un, kí ẹ má sì ju ọ̀rá àgbò tàbí egungun sísè sí i. Bí ẹ bá ń lọ kí àwọn òbí nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ fún mègáàdì tí ajá náà kò tíì mọ̀. Kí mègáàdì náà ti bá yín bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó mọ ohùn rẹ̀, kó mọ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà dókítà ẹran sára ògiri kí ẹ tó ti géètì.